Ìtumọ̀ Tí Mo Sọ fún Ìyá Mi

Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ibafo, ọ̀rọ̀ òyìnbó kan wà tí a máa ń lò lójúmọ́ ju ìkíni lọ. Kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù ni ọ̀rọ̀ náà. Ọ́ìlì dúdú tí a bá tú sílẹ̀ lábẹ́ mọ́tò, ọ́ìlì kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù ni. Àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù a máa wá rà á, wọn a fi kun inú irin tí wọ́n fi ń mọ ọ́n kí sìmẹ́ńtì má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Táyà tó bẹ́ tí kò ṣeé lẹ̀ mọ́, ó ti kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù. Pílọ́ọ̀gì tí kò ta iná mọ́, ó ti kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù. Kò sí ẹ̀bẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó bàjẹ́ lásán, a lè tún un ṣe. Èyí tó bá ti kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù là ń sọ ọ́ sí, koríko a sì hù gba àárín rẹ̀ jáde.

Ọ̀gá mi nìkan ló láṣẹ láti sọ ọ́. Àwa ọmọṣẹ́ lè fura, a lè máa wo ojú ara wa, ṣùgbọ́n òun ló ń dájọ́. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ọmọ bíbí Ifọ, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Etí rẹ̀ ni gbogbo ọrọ̀ rẹ̀. Wọn a gbé mọ́tò tó ń ké wá bá a, á ní kí wọ́n tan án, á di ojú, á na ìka kan sókè. Bó bá ti na ìka yẹn, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ wúkọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò la ojú, yóò sọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì náà, bí ẹni pé ẹ́ńjìnnì ló sọ ọ́ sí i létí. Mi ò rí ọjọ́ tó ṣì í nígbà yẹn.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí ìyá mi mú mi wá bá a. Mo ti ṣe ìdánwò àṣejáde ilé ẹ̀kọ́ girama lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá mi ti kú. Gàárì ni ìyá mi ń yan ní abúlé kan lẹ́yìn Ifọ, ibẹ̀ ló sì ti mọ ẹ̀gbọ́n ọ̀gá mi obìnrin, tí wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Ìyẹn ló bá wa sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí ìyá mi fà mí lé ọ̀gá lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ bá mi nà án tó bá yẹ kí ẹ nà án. Ẹ má ṣáà lé e."

Ọ̀gá nà mí. Ó fi sípánà gbá mi lórúnkún, ó fi ọ́ìlì kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù wẹ orí fún mi nígbà kan tí mo gbàgbé àkísà sínú ẹ́ńjìnnì. Mo ń fara dà á. Ọwọ́ mi ló wúwo. Gbogbo ohun tí mo bá dì, mo máa ń dì í jù. Nígbà tí mo ti lo oṣù mẹ́jọ níbẹ̀, mo di nọ́ọ̀tì kan lórí ẹ́ńjìnnì, mo dì í títí ó fi kán sínú ihò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ni mọ́tò jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń dúró. Ọ̀gá fi odidi ọjọ́ kan yọ irin yẹn. Kò nà mí. Kò bá mi sọ̀rọ̀ rárá. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.

Ọjọ́ kejì ni ìyá mi yọ sí wa láìròtẹ́lẹ̀. Mọ́tò mẹ́rin ló wọ̀ kó tó dé Ibafo. Ó wọ aṣọ tó fi ń gba Kọmúníọ̀n, ó ru àpò gàárì sórí, inú rẹ̀ sì ń dùn débi pé kò rí i pé mi ò lè wo ojú òun. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọmọ yín ńkọ́? Ṣé ó ń gbọ́ràn?"

Ọ̀gá ò yọ orí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Ìyá, ẹ máa mú un lọ sílé," ló wí. "Ọmọ yín ti kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù."

Ìyá mi yíjú sí mi. "Kí ni ọ̀gá wí?"

Ọmọṣẹ́ mẹ́rin ló dúró níbẹ̀ yàtọ̀ sí mi. Mo wo àpò gàárì yẹn, mo wo eruku mọ́tò mẹ́rin lẹ́sẹ̀ ìyá mi, irọ́ náà sì bọ́ lẹ́nu mi wẹ́rẹ́ bí ẹni pé ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Mo ní, "Wọ́n ní mo ti yege. Wọ́n ní kí n tẹ̀ lé yín lọ sinmi díẹ̀."

"Ohun tí wọ́n pè bẹ́ẹ̀ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún ẹni tó bá mọṣẹ́ nìyẹn."

Ìyá mi fi igbe ta. Ó tún kúnlẹ̀, lórí ilẹ̀ tí ọ́ìlì ti sọ di dúdú, pẹ̀lú aṣọ Kọmúníọ̀n yẹn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ọ̀gá, ẹ ṣé o! Ẹ ṣé tí ẹ bá mi kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù ọmọ mi! Olúwa yóò kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù àwọn ọmọ tiyín náà!"

Ẹ̀rín bú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ di ara mọ́ òpó kó má baà ṣubú. Ọ̀gá yọ orí jáde. Ó wo ìyá mi, ó wo èmi, mo sì rí i pé ohun tí mo ṣe ti yé e. Mo fi ojú bẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá rí ojú mi lọ́jọ́ yẹn á mọ̀ pé mò ń bẹ̀bẹ̀. Ó fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀, ìka kan lẹ́yìn òmíràn.

"Ìyá," ló wí, ohùn rẹ̀ tutù, "ẹ tún àdúrà yẹn gbà. Ó dùn mọ́ mi."

Ìyá mi tún un gbà. Ó pariwo ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Àwọn tó ń lẹ táyà lọ́hùn-ún ò gbọ́," ọ̀gá tún wí. "Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n bá yín yọ̀."

Ó dìde, ó lọ bá wọn. "Ẹ bá mi yọ̀ o! Ọmọ mi ti kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù!" Àwọn náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ìyá mi bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ayọ̀ ni. Ó tilẹ̀ jó díẹ̀, ó ká ìró sókè kó má baà kan ọ́ìlì, èyí tó ti kan tipẹ́.

Mo sìn ín dé ibùdókọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀. Mo purọ́ mìíràn fún un pé iṣẹ́ kan kù tí mo gbọ́dọ̀ parí kí n tó wá sinmi. Ó di ọwọ́ mi mú ní gbogbo ọ̀nà. Nígbà tí a ń retí mọ́tò, ó ní, "Báwo ni wọ́n tún ṣe ń pè é?" Mo sì kọ́ ọ. Ó pè é, kò rí i pè dáadáa, mo tún un pè fún un. Ó ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ nígbà tó ń wọ mọ́tò, bí ọmọ iléèwé tí wọ́n rán ní iṣẹ́.

Ọ̀gá ò lé mi. Nígbà tí mo padà dé, ó wò mí pẹ́. "Ìwọ yìí burú ju bí mo ṣe rò lọ," ló wí, ó sì ju sípánà sí mi. Láti ọjọ́ yẹn ni ó ti ń kọ́ mi níṣẹ́ ní tòótọ́. Mi ò mọ ìdí rẹ̀ títí dòní.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé, àbúrò ìyá mi ló sọ ọ́ fún mi nígbà tó yá. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ìyá mi jáde lọ dúpẹ́ níwájú ìjọ. Ó ru iṣu àti àkùkọ adìẹ, ó ní kí ìjọ bá òun yin Olúwa, pé ọmọ òun tó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì ti kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù nísinsìnyí. Àwọn àgbà ò mọ ohun tó ń wí, wọ́n ṣe àmín. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń lu ìlù ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìsìn, tíṣà kan pè é sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi sùúrù là á yé e. Ó ní ohun tó ti bàjẹ́ pátápátá ni àwọn ará ìlú ń pè bẹ́ẹ̀, pé nínú ìwé òyìnbó pàápàá, ẹni tí adájọ́ bá dá ẹjọ́ ikú fún ni wọ́n ń sọ ọ́ sí. Àbúrò ìyá mi ní ìyá mi ò sunkún. Ó ní kí tíṣà tún un sọ, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kérésìmesì ni mo tó lọ sílé. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, àwọn ọmọ kékeré tó ń gbá bọ́ọ̀lù rí mi. Ọ̀kan kígbe pé, "Ọmọ Ìyá Kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù ti dé!" Kì í ṣe pé wọ́n ń bú mi. Ohun tí gbogbo abúlé ń pe ìyá mi nìyẹn.

Mo bá ìyá mi níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó kọ́kọ́ bó èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán.

"Ìyá, ẹ dákun," mo ní. "Mi ò mọ̀ pé ẹ máa sọ ọ́ níbòmíràn."

"Kí ni kí n ti fi ọ̀rọ̀ ayọ̀ ṣe? Kí n gbé e mì?"

"Ojú tì mí ni. Ìrìn àjò yẹn jìnnà, mi ò fẹ́ kí ẹ..."

"Ìwọ lo fún mi lórúkọ," ló wí. Ó mú ẹ̀gẹ́ mìíràn. "Mo sì ń jẹ́ ẹ."

Lálẹ́ ó bu oúnjẹ fún mi bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí aládùúgbò kan pè é ní Ìyá Kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù láti ẹnu ọ̀nà, ó dáhùn pé, "Mo wà ńlé o," ó sì wo ojú mi nígbà tó ń dáhùn.

Mo padà sí Ibafo, ìbínú ni mo fi kọ́ṣẹ́. Kì í ṣe ara mi ni mò ń bínú sí. Ọ̀gá ni. Nígbà tí àwọn tó kù bá lọ jẹun, èmi a dúró ti mọ́tò, mo ń gbọ́, mo ń di ojú bíi tirẹ̀. Nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ parí, tí mo gba fíríìdọ́ọ̀mù, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ẹ́ńjìnnì tó ọ̀gá. Mo gba ilẹ̀ kékeré kan ní Mowe, mo kan páànù sí i, mo kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ tèmi náà. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni etí ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Ariwo ẹ́ńjìnnì àti ti òòlù ló pa á, láti ọdún pípẹ́ wá. Mo ti kọ́kọ́ kíyè sí i lórí fóònù: bí mo bá ń kí i, á máa dáhùn ohun tí mi ò bi í. Lẹ́yìn náà àwọn oníbàárà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya sọ́dọ̀ mi, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn a ní, "Kí ló ń ṣe ọ̀gá yín gan-an?" Èmi a mirí bí ẹni tí àánú ń ṣe. "Ọ̀gá wa? Etí wọn ti kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù." Bó ṣe pẹ́ díẹ̀, mi ò mẹ́nu kan etí mọ́. Mo kàn ń sọ pé ọ̀gá ti kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu mi. Mi ò ní purọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni òun fúnra rẹ̀ wa jíìpù dúdú kan wọ ibi iṣẹ́ mi. Mo mọ mọ́tò náà. Ti ìyá olówó kan tó ní ilé epo ni, ẹni tí kò jẹ́ kí mẹkáníìkì mìíràn fọwọ́ kan mọ́tò rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọṣẹ́. Òun nìkan ni oníbàárà ńlá tó kù fún ọ̀gá. Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀, ó bọ́ fìlà rẹ̀. Ó bọ́ fìlà fún mi níwájú àwọn ọmọṣẹ́ mi.

Ó ń pariwo bí àwọn tí kò gbọ́ ohùn ara wọn. "Bá mi gbọ́ ọ," ló wí. "Ìró kan wà níbẹ̀. Obìnrin náà ní òun ń gbọ́ ọ, èmi ò gbọ́ ọ dáadáa. Nínú gbogbo àwọn tí mo kọ́, etí tìrẹ ló mú jù. Bá mi gbọ́ ọ."

Mo tan ẹ́ńjìnnì náà, mo tẹ etí sí i. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan. Ṣéènì inú rẹ̀ ló ti dẹ̀, ó ń gbá irin. Iṣẹ́ ọ̀sán kan péré ni. Mo gbé orí sókè, mo rí ojú rẹ̀. Ó ń wò mí bí ìyá mi ṣe wò mí lọ́jọ́ tó ní, kí ni ọ̀gá wí.

Mo fi ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀, mo pariwo: "Ó ti kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù!"

"Ẹ́ńjìnnì?"

"Gbogbo rẹ̀! Ẹ ní kí wọ́n lọ ra òmíràn!"

Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ́ńjìnnì náà, ó fi í síbẹ̀ pẹ́. Ó tún wo ojú mi. "Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

"O ṣeun, ọmọ mi," ló wí. Ó dé fìlà, ó wọ mọ́tò, ó lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ mi rọra bi mí pé, "Ọ̀gá, ṣebí ṣéènì ni?" Mo ní kó pa ẹnu mọ́.

Ó lọ jíṣẹ́ tí mo rán an. Obìnrin náà ò gbà á gbọ́, ó gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, wọ́n pààrọ̀ ṣéènì, mọ́tò ò ké mọ́. Nígbà náà ló wá bá ọ̀gá ní Ibafo, níwájú gbogbo èèyàn. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ kan tó wà níbẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ fún mi. Obìnrin náà ní, "Ẹ ti dití, ẹ tún wá ya olè. Ẹ́ńjìnnì tó dára lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi." Ọ̀gá rí i pé ẹnu rẹ̀ ń lọ ṣùgbọ́n kò gbọ́. Ó fa ọmọṣẹ́ náà mọ́ra, ó ní, "Kí ni wọ́n wí? Sọ ọ́ sí mi létí." Ọmọ náà ní òun ò lè sọ ọ́. Ọ̀gá ní dandan ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ṣe ń fi igbe sọ ọ́ sí i létí, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn: ẹ ti dití, ẹ tún ya olè. Obìnrin náà ń dúró kó sọ ọ́ tán kó tó sọ òmíràn.

Ọ̀gá ò dárúkọ mi. Ó lè sọ pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún òun. Kò sọ ọ́. Kó tó di ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ kúrò ní Ibafo, ó ti padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ifọ.

Mo lọ sọ fún ìyá mi. Mo rò pé ẹ̀bùn ni mo mú lọ. Ó ń sẹ́ gàárì lọ́wọ́. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì fi í parí pé, "Mo ti bá yín gbẹ̀san, Ìyá."

Ó gbé asẹ́ kalẹ̀. "Ta ló rán ẹ?"

"Ọkùnrin yẹn fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú..."

"Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kì í ṣe ọmọ mi, kì í ṣe ẹbí mi. Ìwọ ńkọ́? Ìwọ tí mo bí, tó di ọwọ́ mi mú dé ibùdókọ̀, tó ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pè é? Ọdún mélòó ni mo fi ń dúró kí o sọ pé ìwọ lo jẹ̀bi? Ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lo gbé ẹ̀bi rẹ lọ."

Mo dọ̀bálẹ̀.

"Lọ bẹ ọ̀gá rẹ," ló wí. "Bó bá gbà, kí o wá sọ fún mi. Bí kò bá gbà, má yọjú síbí." Ó mú asẹ́ rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Mo ti lọ sí Ifọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ilé wọn ò jìnnà sí ojú irin, ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tí wọ́n to àwọn irinṣẹ́ àtijọ́ sí. Lẹ́ẹ̀kẹta yìí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo débẹ̀. Ìyàwó ọ̀gá, tí gbogbo wa ọmọṣẹ́ máa ń pè ní Mọ́mì, jáde wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Wọ́n ti sùn," Mọ́mì wí.

Láti inú yàrá, ohùn ọ̀gá dún jáde, ó ń pariwo débi pé àwọn tó ń kọjá lójú títì yíjú wò wá: "Ṣé o ti sọ fún un pé mo ti sùn?"

Mọ́mì wo ilẹ̀. Èmi náà wo ilẹ̀. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú wa.

"Wọ́n ti sùn," ló tún wí.

Mo dìde, mo gbọn eruku kúrò láyà aṣọ mi. Oòrùn ṣì mú ganrínganrín. Mo ní, "Ẹ bá mi kí wọn, Mọ́mì. Ó dàárọ̀ o."